Bí Ìkòkò Ìyá Ẹgbẹ́ Ṣe Sọ Wá Di Tọkọtaya

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run lẹ́yìn Mísà láti bi wá bí a ṣe pàdé ara wa. Ẹnìkan gbọ́ pé ilé-ìwé ni, ẹlòmíràn gbọ́ pé ọjà ni. Àwọn ọmọ wa pàápàá ní ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà sọ ìtàn náà, kò sì sí ọ̀kan tí ó tọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà ni a ṣe jókòó, àwa méjèèjì, tí a ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí kí a tó gbàgbé. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa kò bá ti dọ́gba, a ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, nítorí títí di òní a ṣì ń jiyàn lórí àwọn ibì kan nínú rẹ̀.

Ọdún 1989 ni, ní Ṣábẹ̀, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà mọ irú ọdún tí ó jẹ́. Ìjọba jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù púpọ̀, àwọn olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí ó fi owó pamọ́ sí báǹkì lọ, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ti lọ wá owó sí Gàbọ̀n ni a ti lé padà wálé ní 1978. Àwọn tí wọ́n lọ sí Nàìjíríà, a lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà ní 1983. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń wo àpò wọn, kò sì sí ẹni tí ó láyà láti lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú ń dàgbà, wọ́n ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, àwọn ìyá wọn sì ń kà á lọ́kàn pé ọdún yìí náà tún ti fẹ́ kọjá.

Ní ìjọ wa, ìyá kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, nítorí òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Òróró ni ó ń tà. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìdílé gbogbo ní Ṣábẹ̀, ó mọ ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni tan títí dé ìran kẹta. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń ṣe alárinà. Ẹ mọ̀ pé láyé àtijọ́ ọmọkùnrin kì í déédéé lọ bá ọmọbìnrin. Alárinà ni ó máa ń lọ, tí ó máa ń bọ̀, títí ojú àwọn méjèèjì yóò fi mọ ara wọn, tí òun yóò sì yẹ̀ba. Ìyá Ẹgbẹ́ wá sọ ní ìpàdé kan pé ẹsẹ̀ òun ti ń dun òun, òun kò lè máa lọ láti ilé dé ilé mọ́ nítorí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a kó wọn jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin méje, obìnrin méje, kí wọ́n jọ lọ sí ìrìnàjò mímọ́ ti Ìdáàṣà ní oṣù kẹjọ, ní àkókò àjọ̀dún Ìgbàsókè Ìyá wa Màríà, kí wọ́n jọ pọn omi, kí wọ́n jọ ṣẹ́ igi, kí wọ́n jọ sun ebi díẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá rí ọkùnrin nígbà tí ebi ń pa á ti rí i tán.

Fádà wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ìrìnàjò mímọ́ kì í ṣe ọjà tí a ti ń yẹ ẹrù wò. Ìyá Ẹgbẹ́ dáhùn pé, “Fádà, ìgbéyàwó Kánà ńkọ́? Ta ni ó mú Ìyá wa Màríà débẹ̀?” Fádà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Báyìí ni ìdánwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé kan tí ó ń kọ́ ìwé ni ó bá ìyá náà kọ orúkọ àwọn mẹ́rìnlá náà sínú ìwé kékeré kan, tọkùnrin tobìnrin, ní méjì méjì.

Orúkọ àwa kò sí nínú ìwé náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọkọ nínú wa jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé kékeré, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́fà nígbà náà, tí ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni àwọn ará ilé ti mú obìnrin wá fún un. Ìbéèrè kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bèèrè: ibo ni ọmọ yìí yóò máa gbé? Ẹ̀kẹta ni ó rọ ọ̀rọ̀ náà jù, ó ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n yóò dára bí ó bá lè lọ sí ilé ìyá ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti sọ pé òun kò gbéyàwó mọ́. Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ tọ̀ ọ́ wá, kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá náà sì bínú pé, “Ta ni ó ní kí o wá fẹ́ ìyàwó? Owó oúnjẹ ènìyàn mẹ́rìnlá wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ ìwé. Akápò ni mo ń wá.” Ojú tì í, ó gbà.

Ìyàwó nínú wa jẹ́ aránṣọ, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ní 1974, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógún, wọ́n ti ṣe ìdána rẹ̀. Ọkùnrin náà lọ sí Libreville ní ọdún kejì láti wá owó ìgbéyàwó, ó kọ lẹ́tà, ó fi aṣọ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà lẹ́tà dín kù. Nígbà tí ìjọba Gàbọ̀n lé àwọn ará wa ní 1978, tí wọ́n ń dé wá sílé díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè gbé, òun àti ìyá ọkùnrin náà lọ ń dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan sọ̀ tẹ̀lé e, ó pọn ọmọ. Ìyàwó nínú wa gbà wọ́n ní ẹrù, ó bá wọn gbé e délé, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí a ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi gbogbo owó tí ó ní ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ tọ òun náà wá ní 1989, ohun tí ó sọ ni pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti dúró de ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan.” Ìyá náà ní, “Mo mọ̀. Alásè ni mo ń wá.”

Báyìí ni a ṣe di Akápò àti Alásè. A kò tí ì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí ju ẹ kú àárọ̀ lọ.

Nígbà náà ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò láti Kútọnu dé Paraku, ó ń kọjá ní Ìdáàṣà àti ní Ṣábẹ̀. Òun ni a wọ̀. Ẹ bá ń rí àwọn mẹ́rìnlá náà! Ìyá Ẹgbẹ́ àti àwọn ìyá méjì mìíràn mú wọn jókòó bí ìwé ti wí. Ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké sọ̀rọ̀ ìrèké láti Ṣábẹ̀ títí dé Ìdáàṣà, ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í sì sùn kí a tó dé ìdajì ọ̀nà. Káfíńtà kan kò lè gbé ojú sókè wo ẹni tí wọ́n fún un, pátákó ìjókòó ni ó ń fọwọ́ pa bí ẹni pé ó fẹ́ rà á. Àwa méjèèjì wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpò ìrẹsì, gààrí, ẹja gbígbẹ, àti ìkòkò irin ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ìyá Ìyá Ẹgbẹ́ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó kú. A ń wo àwọn tí ó wà níwájú, a sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín yẹn ni ó kọ́kọ́ pa wá pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà náà a rò pé àwọn ni a ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Ìdáàṣà mọ bí ó ti ń rí. Láti 1954 ni a ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ìyá wa ti Arigbo, nínú ihò òkúta lẹ́sẹ̀ òkè, láàárín àwọn òkè mọ́kànlélógójì tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń kà. Àwọn ènìyàn wá láti Àjàṣẹ́, láti Kétu, láti Kútọnu, láti ìhà Paraku, láti Tógò pẹ̀lú. Rósárì lọ láti èdè dé èdè. Wọ́n sùn sórí ẹní, wọ́n sùn sábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ àdúrà kọ́ ni a fẹ́ sọ, ẹ dárí jì wá. Ọ̀rọ̀ ata ni.

Akápò fún Alásè ní owó láti ra ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti òróró ọbẹ̀ fún ènìyàn mọ́kàndínlógún. Ní àkókò ìrìnàjò mímọ́ ohun gbogbo wọ́n ní Ìdáàṣà. Nígbà tí Alásè dé, Akápò ṣírò, ó ní fránkì márùndínlọ́gọ́rin kò sí níbẹ̀. Alásè ní òun kò mọ ibi tí ó gbà, bóyá òun ka ṣéńjì kù ní ọjà. Akápò ní ìwé gbọ́dọ̀ pé. Alásè bínú, ó ní, “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé alásè ni ó jẹ ẹ́.” Ó sì kọ ọ́! Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Lábẹ́ owó àlùbọ́sà ni a ti lè ka, pẹ̀lú ọwọ́ olùkọ́ tí ó dára gidigidi: “Alásè jẹ 75.”

Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà ta gan-an. Ọkọ nínú wa sọ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyàwó nínú wa sọ pé ata Ìdáàṣà ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn ti sùn, tí Alásè ń fọ àwo, ó rí ọkùnrin náà lábẹ́ igi pẹ̀lú iná àbẹ́là kan. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú owó jáde nínú ibi tí kì í ṣe àpò ìjọ, ó ka fránkì márùndínlọ́gọ́rin, ó kó o mọ́ owó ẹgbẹ́, ó sì pa ìwé dé. Gbogbo Ṣábẹ̀ ni ó mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kò gba owó oṣù. Alásè dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Kò sọ fún un pé òun rí i, àfi lẹ́yìn tí a ti ṣe ìgbéyàwó fún ọdún méjì.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ padà sílé, gbogbo wa ti wà ní ibùdó ọkọ̀ kí Ìyá Ẹgbẹ́ tó kígbe pé ìkòkò òun dà. Ó ti wà lábẹ́ igi tí a ti dáná. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta dìde láti lọ gbé e, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ní, “Alásè ni ó mọ ibi tí ó wà, Akápò ni ó ní agbára láti gbé e.” Agbára kẹ̀! Olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n a lọ. Ìkòkò náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti fi igi bọ inú etí rẹ̀ méjèèjì kí a lè jọ gbé e, ẹnìkan níwájú, ẹnìkan lẹ́yìn, a sì ń sinmi ní ìṣísẹ̀ ogún ogún. Nígbà tí a rí ibùdó ọkọ̀, a gbọ́ fèrè. Ọkọ̀ ti ń lọ. Àwọn mẹ́rìnlá náà yọ orí jáde, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń juwọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ wà lójú fèrèsé. Ọkọ nínú wa ṣe tán láti búra pé ẹ̀rín ni ó ń rín. Ìyàwó nínú wa ní oòrùn ni ó wọ̀ ọ́ lójú.

Òmíràn di ọjọ́ kejì. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí òkè ti kún fún àwọn onírìnàjò, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ gbé ìkòkò.

Ìyá arúgbó kan ń dín àkàrà ní ẹ̀bá ibẹ̀. A jókòó lórí àpótí rẹ̀, a gbé ìkòkò sáàárín wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí jà. Ta ni ó gbàgbé ìkòkò? Ta ni ó rìn jẹ́jẹ́? Ìyá arúgbó náà gbọ́ ọ títí ó fi sú u, ó wá ní, “Ẹ̀yin tọkọtaya yìí, ẹ má jà lẹ́bàá epo gbígbóná.”

A dákẹ́. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹnìkan nínú wa sọ: pé Ìyá, a kì í ṣe tọkọtaya. Akápò retí kí Alásè sọ ọ́. Alásè retí kí Akápò sọ ọ́. Àkàrà hó nínú epo, ìyá náà yọ ọ́, ó fi ewé wé e fún wa, ó sì gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbà á lọ́wọ́ baálé. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. Títí di òní a kò tí ì sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí ó pẹ́, ilẹ̀ ń ṣú, Alásè sọ pé òun kórìíra ibùdó ọkọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kò tí ì sọ ọ́ fún ọkùnrin kankan rí. Akápò kò sọ pé pẹ̀lẹ́, kò sọ pé Ọlọ́run yóò pèsè, èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Ó ní, “Ẹ sì tún bá wọn gbé ẹrù?” Alásè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Àpótí méló?” Alásè ní mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, ìyá alákàrà sì mi orí pé ẹ wo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán.

Akápò náà sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ń retí ìbéèrè tí ó mọ̀, ó ti dì í lọ́kàn bí yóò ṣe dáhùn. Alásè kò bèèrè ibi tí ọmọ ń gbé. Ohun tí ó bèèrè ni pé, “Ta ni ń di irun rẹ̀?” Akápò ní ìyá òun ni, ṣùgbọ́n ojú ìyá òun kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà irun náà máa ń wọ́. Alásè ní, “Mo ti rí i ní ilé Ọlọ́run. Ó wọ́ lóòótọ́.”

Ìyá alákàrà mú Alásè lọ sùn ní ilé rẹ̀. Akápò sùn sí ibùdó ọkọ̀, ó ti ara ti ìkòkò.

A kò ní pẹ́ lórí ohun tí ó tẹ̀ lé e ní Ṣábẹ̀. Ẹnu ayé ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó le jù ni ti àbúrò bàbá ìyàwó nínú wa, tí ó jẹ́ olórí ẹbí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní wọ́n ti fi ojú òun gbolẹ̀ ní gbangba lẹ́ẹ̀kan nípa ọmọ yìí, òun kò sì ní gba oyin àti obì lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò gba owó oṣù, tí ó ní ọmọ nílẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò tún wá kó ẹ̀rín jọ. Lónìí òfin ìdílé tí orílẹ̀-èdè wa gbé jáde ní 2004 sọ pé àmì lásán ni ìdána jẹ́. Nígbà náà ìwé àṣà tí àwọn Faransé kọ ní 1931 ni àwọn adájọ́ ṣì ń gbé yẹ̀wò, ọ̀rọ̀ olórí ẹbí sì wúwo ju ìkòkò Ìyá Ẹgbẹ́ lọ. Oṣù márùn-ún gbáko ni Ìyá Ẹgbẹ́ fi ń lọ sí ilé rẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó sọ pé ó ń dun òun. A kò mọ ohun tí ó sọ. A mọ̀ pé nígbà tí ó gbà níkẹyìn, oyin, obì, orógbó, ataare, iyọ̀ àti aṣọ méjì ni ó ní kí a mú wá, kò sì ka owó tí a fi sínú àpò ìwé.

Ọmọ náà ni a bẹ̀rù jù. Alásè kò tọ̀ ọ́ lọ. Ó kàn máa ń wá kí ìyá àgbà ní ọjọ́ Sátidé, ó máa ń jókòó ran nǹkan lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà máa ń wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Sátidé mẹ́rin kọjá báyìí. Ní ìkarùn-ún ó jáde wá, kò sọ ohunkóhun, ó fi ìyarun lé e lọ́wọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Fádà pè wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó kéde ìgbéyàwó wa, nítorí òfin Ìjọ sọ pé ìgbéyàwó tí a bá fi ipá tàbí ìbẹ̀rù ńlá ṣe kì í ṣe ìgbéyàwó. Ó mọ bí Ìyá Ẹgbẹ́ ti rí, ó sì fẹ́ dájú. Ìyàwó nínú wa dá a lóhùn pé, “Fádà, wọ́n fi ipá díẹ̀ mú wa lọ sí Ìdáàṣà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wa dákẹ́ níwájú ìyá alákàrà.” Fádà ní kí ó ṣàlàyé. Ó pẹ́ kí ó tó jáde.

Oṣù kejì 1990 ni Àpérò Orílẹ̀-èdè ní Kútọnu, tí Mọ̀nsénìọ̀ Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀. Gbogbo ilé ni ó tẹ́tí sí rédíò, aránṣọ pàápàá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rédíò, ibẹ̀ ni ó ti rán aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀ pẹ̀lú ti ọmọbìnrin náà, láti inú aṣọ kan náà. Lẹ́yìn Àjíǹde, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, a ṣe ìgbéyàwó.

Ní ti àwọn mẹ́rìnlá, ẹ ó fẹ́ mọ̀. Kò sí ẹyọ méjì kan tí ó ṣẹ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Káfíńtà onítìjú ni ó fẹ́ ọmọbìnrin tí ó sùn nítorí ọ̀rọ̀ ìrèké. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà wọ ilé àwọn Síístà, Ìyá Ẹgbẹ́ sì kà á mọ́ àwọn ìgbéyàwó tí ó ti ọwọ́ òun jáde. Àwọn tí ó kù wá ọkọ àti aya níbòmíràn.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni a bi Ìyá Ẹgbẹ́ léèrè, nígbà tí ó wà láàyè, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ìkòkò náà ni. Kì í dáhùn. Ó máa ń ní, “Ìkòkò ìyá mi? Kí n gbàgbé ìkòkò ìyá mi?” ohùn rẹ̀ á sì ga. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa ó fi ọbẹ̀ kún inú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e wá sí ilé wa, kò sì ránṣẹ́ wá gbà á mọ́.

Ọkọ̀ ojú irin kò kó èrò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Ìkòkò náà wà lẹ́yìn ilé wa. Òun ni a fi se ìrẹsì ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn lọ sí ilé ọkọ, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ni ó gbé e ka iná, wọ́n sì ń kùn. Àwa méjèèjì jókòó, a ń wò wọ́n.